Ariwo Abẹ́ Ọkọ̀ Ìyá Oníṣu

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni n óò bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa níbí ní Ṣógúnlé tí n kò lè fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọkọ̀ akẹ́rù tàbí tí ó ń háyà rẹ̀, tí owó yín sì ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lóṣooṣù bí omi tí ń wọ inú iyanrìn. Owó ilé-ìwé yóò dúró dè wá. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ìyá kan wà ní òpópónà wa tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Oníṣu. Oko tí ó wà ní apá Ṣakí àti Ìgbòho ni ó ti ń ra iṣu. Ẹni tí ó bá ti dé ọ̀nà oko ibẹ̀ nígbà òjò yóò mọ̀ pé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ń ṣiṣẹ́ kò lè gba inú ẹrẹ̀ náà jáde pẹ̀lú ẹrù. Ìdí nìyí tí ìyá náà fi tu owó jọ fún ọdún mẹ́ta, tí ó fi ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fi agbára sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo, yálà lórí ọ̀dà ni o tàbí nínú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ náà ni ó fi tọ́ ọmọ méjì jáde ní ilé-ìwé gíga, ẹ̀kẹta sì wà níbẹ̀ báyìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá, eyín fọ́ nínú jíà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Wọ́n wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tí ó ní ọgbà iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin (n kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ níwájú). Mẹkáníìkì lọ sí ọjà pátì, ó ra odidi jíà ẹ̀yìn tòkunbọ̀, ó dè é, ó ní kí ìyá máa lọ. Ìyá kò tíì dé Abẹ́òkúta tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Ó padà. Wọ́n tú u, wọ́n dè é, ariwo kò lọ. Wọ́n tún tú u, wọ́n yí bíárìn rẹ̀ padà, ariwo kò lọ. Mẹkáníìkì ní, “Màmá, ẹ máa wà á lọ, jíà tuntun ni, yóò là tó bá yá.” Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí ó lọ ra jíà mìíràn. Owó tí wọ́n dárúkọ fún un tó owó tí ó lè fi ra igba iṣu ní oko.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni ó wá bá mi nílé. Ó jókòó, kò fọwọ́ kan omi tí ìyàwó mi gbé fún un.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ gbà mí. Wọ́n ní bàbá yín wa lọ́rì. Bí mo bá san owó yìí tán, n kò ní owó tí n óò gbé lọ sí oko mọ́. Bí n kò bá sì san án, ọkọ̀ kò ní lè gbé mi dé oko.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ má tíì san nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ariwo náà léèrè ibi tí ó ti wá.”

Òótọ́ ni pé bàbá mi wa lọ́rì. Mercedes 911 ni ó wà, irú èyí tí wọ́n fi ṣe mọ̀lúè nílùú Èkó, èmi ni mo sì máa ń jókòó tì í nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Ohun tí ó máa ń wí fún mi ni pé etí ni ó ń wa ọkọ̀, ọwọ́ kàn ń bá a di sitiárì mú ni. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, tí wọ́n kọ́ wa ní ìmọ̀ nípa agbára àti ìyípo, ni mo wá rí i pé ohun tí bàbá mi ń fi etí ṣe, ìṣirò ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi má bàa rú yín lójú. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù láti ẹ̀yìn, ẹ óò rí irin gbọọrọ kan tí ó na láti táyà òsì dé táyà ọ̀tún, tí àárín rẹ̀ yọ bí ikùn aboyún. Inú ikùn yìí ni dífúrẹ́ńṣà wà. Irin gígùn kan ti iwájú wá tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là. Ó ń yí bírí bírí. Orí rẹ̀ ni jíà kékeré tí a ń pè ní píníọ̀nù wà, píníọ̀nù sì ń yí jíà ńlá kan tí ó dà bí adé, tí wọ́n ń pè ní kíráònù. Kíráònù ni ó ń yí àwọn táyà. Nítorí pé eyín píníọ̀nù kéré, ó gbọdọ̀ yí bí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi “bí ẹ̀ẹ̀mẹrin” yìí sọ́kàn, òun ni yóò tú ọ̀rọ̀ yìí.

Láàárín kíráònù ni àwọn jíà kéékèèké mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kí táyà méjèèjì lè yí ní ìwọ̀n tí kò dọ́gba. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ bá yà ní kọ́nà, táyà ìta ń rin ìrìn tí ó jìn ju ti inú lọ. Ẹ̀yin tíṣà ìṣirò, ẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín ní èyí ṣe: bí àlàfo láàárín táyà òsì àti ọ̀tún bá jẹ́ mítà 1.5, tí ọkọ̀ yí òbìrípo kan pé, táyà ìta yóò fi mítà 9 àti díẹ̀ ju ti inú lọ, ìbáà jẹ́ òbìrípo inú ọgbà ilé-ìwé ni o, ìbáà jẹ́ èyí tí ó yí ìlú po. Àwọn ọmọ yóò ní irọ́ ni, títí wọn óò fi ṣe é lórí ìwé. Ará Faransé kan tí ń jẹ́ Onésiphore Pecqueur ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú jíà yìí ní 1828, fún ọkọ̀ tí ń fi ooru omi gbígbóná rìn, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ọkọ̀ elépo bẹntiróòlù.

Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, mẹ́ta ni dífúrẹ́ńṣà tirẹ̀: ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, ẹ̀kẹta sì wà nínú àpótí irin kan ní abẹ́ ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Ti àárín yìí ni ó ń pín agbára sí pùròpẹ́là iwájú àti ti ẹ̀yìn, òun náà ni ó sì ń gba ìyàtọ̀ díẹ̀ tí ó máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní kọ́nà. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ti Ìyá Oníṣu sì wà lára wọn, wọ́n tún fi ìgò irin kan sí i tí ó kún fún òróró kan tí ó ki, pẹ̀lú àwọn àwo irin pẹlẹbẹ. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà pípẹ́, òróró náà yóò gbóná, yóò le, yóò sì fẹ́ so méjèèjì pọ̀. Nínú ẹrẹ̀, oore ńlá ni èyí jẹ́.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń bi ariwo léèrè?

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé n óò yọ táyà kúrò nínú ẹ̀sùn. Ariwo táyà kò mọ̀ bóyá ẹ tẹ iná tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́. Ojú ọ̀nà ni ó mọ̀. Bí ẹ bá kúrò lórí ọ̀dà tí ẹ bọ́ sórí kọnkéré tí ohùn rẹ̀ yí padà, ẹ má fọwọ́ kan jíà, ẹ lọ wo táyà. Mo ti rí ẹni tí ó tú jíà ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì nítorí táyà tí ojú rẹ̀ jẹ gánnagànna.

Lẹ́yìn èyí ni bíárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ní ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, ẹ rọra yí sitiárì sí òsì, kí ẹ tún yí i sí ọ̀tún. Bí ẹ bá yà sí òsì, ẹrù ọkọ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún. Bí ariwo bá lágbára sí i nígbà náà, bíárìn ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá yà sí ọ̀tún tí ariwo pọ̀, ẹ wo òsì.

Bí ó bá wá kù dífúrẹ́ńṣà fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ yín tí ó wà lórí iná ni ẹ óò fi bi í. Bí kíráònù àti píníọ̀nù kò bá fi ẹnu ko ara wọn bó ti yẹ, wọn yóò máa ké tín-ín-rín bí ẹ̀fọn létí. Àwọn kan ń ké nígbà tí ẹ bá tẹ iná, tí wọn yóò dákẹ́ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Àwọn mìíràn dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ké nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré fúnra rẹ̀ bọ̀ nílẹ̀. Ìdí ni pé ojú kan eyín ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ti ọkọ̀, ojú kejì ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń ti ẹ́ńjìnnì. Bíárìn kì í ké ní tirẹ̀, ńṣe ni ó ń kùn bí ọlọ ata. Ti píníọ̀nù sì ń kùn ní kíákíá ju ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ nítorí bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ kọ́nà nìkan ni ariwo ti ń jáde, àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ó bá ń ró “gbì!” nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra tàbí tí ẹ bá pààrọ̀ jíà, ó lè jẹ́ pé oríkèé pùròpẹ́là ti jẹ, ó sì lè jẹ́ pé àlàfo eyín ti pọ̀ jù. Èyí tí ó bá sì ń ró kọ́, kọ́, kọ́, tí ó ń yára bí ọkọ̀ ṣe ń yára, eyín ti fọ́ níbẹ̀. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Irin tí ó fọ́ náà lè há sáàárín eyín, kí àwọn táyà sì dì lórí eré. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dì lójijì lórí eré pẹ̀lú ẹrù iṣu.

Ti ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tún wá yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tí ọwọ́ kàn kẹ́yìn ni a kọ́kọ́ ń bi. Ilé-iṣẹ́ máa ń lọ kíráònù àti píníọ̀nù pọ̀ mọ́ ara wọn ni, wọ́n sì sábà máa ń kọ nọ́ńbà kan náà sí méjèèjì. Ẹni tí ó bá mú kíráònù ọkọ̀ kan fún píníọ̀nù ọkọ̀ mìíràn, ó ti so tọkọtaya tí kò mọ ara wọn pọ̀. Àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàárín eyín wọn sábà máa ń wà láàárín 0.1 àti 0.2 mílímítà, ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ iye tirẹ̀ gan-an, ojú lásán kò sì lè wọn ìyẹn. Aago ìwọ̀n wà fún un. Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ yóò tún fi ọ̀dà kun eyín mélòó kan, yóò yí i, yóò sì wo ibi tí ọ̀dà ti há: bí ó bá há sí àárín eyín, ó dára, bí ó bá há sí etí tàbí sí ìdí, kí ó tú u padà. Epo náà tún wà níbẹ̀. Ojú epo jíà tí ó yẹ fún ọ̀pọ̀ jíà ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ GL-5 sí. Ó ní èròjà tí kì í jẹ́ kí irin fi irin gé ara rẹ̀, nítorí pé eyín àwọn jíà wọ̀nyí ń yọ̀ lára ara wọn bí wọ́n ṣe ń yí. Ẹni tí ó bá da epo ẹ́ńjìnnì sí i láti fi dín owó kù yóò san owó náà padà pẹ̀lú èlé.

Ní ti ọ̀rọ̀ “yóò là” yẹn, èmi kò gbà á. Bàtà tuntun ni ó máa ń là. Jíà tí ó bá ń ké láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ńṣe ni ó ń gbẹ́ ojú ara rẹ̀ jẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà, èmi àti Ìyá Oníṣu àti awakọ̀ rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà jáde. A gba Agége Motor Road, a kọjá ibùdókọ̀ PWD, èyí tí ó ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń la ọ̀nà nígbà àwọn òyìnbó, a kọrí sí Ìkẹjà. Ariwo náà ń bọ̀ lóòótọ́, ó ń hu. Mo ní kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná: ohùn kan náà. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́: ohùn kan náà. Ó yà sí òsì, ó yà sí ọ̀tún, kò yí padà. Eré nìkan ni ó ń tẹ̀lé. Mo wá kúrò níwájú, mo lọ jókòó sẹ́yìn níbi tí a ń kó iṣu sí, mo gbé etí mi sílẹ̀ lókè jíà ẹ̀yìn tí wọ́n ti tú lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń wò mí. Ibẹ̀ dákẹ́ ju iwájú lọ.

Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, awakọ̀ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo.” Ńṣe ni ọkọ̀ náà ń lọ bí ẹni tí wọ́n di aṣọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, bí ìgbà tí búréèkì ọwọ́ kò tú tán. A yà sí òpópónà kan tí kò ní ọ̀dà, tí òjò ti rọ̀ sí lóru. Bí a ti dé orí iyanrìn tútù náà, ó fúyẹ́, ariwo náà sì rọlẹ̀. A padà sórí ọ̀dà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dúró, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, mo ta omi díẹ̀ sí jíà ẹ̀yìn, omi ṣàn sílẹ̀. Mo ta omi sí àpótí àárín, ó hó ṣàà.

Níbẹ̀ ni ọkàn mi ti kúrò lọ́dọ̀ jíà ẹ̀yìn. Kí ni ó lè mú kí dífúrẹ́ńṣà àárín máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tí ó tọ́ gbọọrọ, níbi tí kò sí kọ́nà, tí ó yẹ kí ó sinmi? Ìwọ̀n táyà lè fà á, bí a bá fi táyà ńlá síwájú tí a fi kékeré sẹ́yìn. Mo ka nọ́ńbà ara wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ó ku ohun kan.

Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí, a gbé ọkọ̀ dé ọgbà mẹkáníìkì. Inú ọ̀gá náà kò dùn sí mi. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni? Jíà yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi dè é.”

Mo ní, “Ọ̀gá, n kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn bá mi wá ẹfun, kí ẹ fún mi ní ọmọṣẹ́ méjì.”

A gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè lórí ìdúró irin tí ó lágbára (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé sókè láé), a fi jíà sí fírì, a sì ká búréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Mo fi ẹfun sàmì sí táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mo fi sàmì sí pùròpẹ́là. Ọmọṣẹ́ kan di táyà òsì mú, èkejì di ti ọ̀tún mú, wọ́n jọ ń yí i pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń ka pùròpẹ́là. Mo ní kí wọ́n yí táyà ní ìgbà 10, nítorí ìgbà kan ṣoṣo kéré jù láti rí ìyàtọ̀ tí ó bá kéré. Ó kà á: 41, géérégé. A lọ síwájú, a ṣe bákan náà. Táyà yí ní ìgbà 10, pùròpẹ́là yí ní ìgbà 39, ó fi díẹ̀ lé.

Ọ̀gá ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó tún jẹ́ 39 àti díẹ̀.

Ó dákẹ́. Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé jíà àtijọ́ tí eyín rẹ̀ fọ́ jáde láti inú àwọn irin tí kò tíì tà fún àwọn oníràgbà, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìka ka eyín rẹ̀, ó ń ka ìdí àwọn tí ó fọ́ mọ́ ọn. Kíráònù jẹ́ 43, píníọ̀nù jẹ́ 11. Ẹ pín 43 sí ọ̀nà 11, ẹ óò rí 3.909. Ti tòkunbọ̀ tí wọ́n tà fún un jẹ́ 41 àti 10, èyí tí ó jẹ́ 4.1. Ìyàtọ̀ tí kò tó ọ̀kan nínú ogún!

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣe. Ilẹ̀ kan náà ni táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ń rìn, nítorí náà wọ́n gbọdọ̀ yí ní iye kan náà. Kí táyà tó yí ní ìgbà 1,000, èyí tí ó jẹ́ bí ìrìn kìlómítà méjì àti díẹ̀, pùròpẹ́là ẹ̀yìn ti yí ní ìgbà 4,100, ti iwájú ti yí ní ìgbà 3,909. Ìgbà 191 ni wọ́n fi yàtọ̀, lójú ọ̀nà tí ó tọ́ bí ọfà, níbi tí kò yẹ kí wọ́n fi ẹyọ kan yàtọ̀. Dífúrẹ́ńṣà àárín ni ó ń gbé gbogbo èyí mì láti Ṣógúnlé dé Abẹ́òkúta, tí òróró inú ìgò yẹn fi ń gbóná, tí ó fi ń le, tí ó fi ń fẹ́ so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń wúwo, ìdí nìyẹn tí ó fi rọlẹ̀ lórí iyanrìn níbi tí táyà ti lè yọ̀ díẹ̀. Ká ní ìyá san owó jíà kẹrin, tí wọ́n sì tún gbé 41 àti 10 mìíràn wá, òru kan nínú igbó Ìgbòho ni àpótí àárín ìbá fọ́ sí.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ní, “Wọ́n ní ti ọkọ̀ kan náà ni. Orúkọ kan náà, ọdún kan náà.”

Òótọ́ ni ó wí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn náà wà. Ọkọ̀ kan náà lè ti ilé-iṣẹ́ jáde pẹ̀lú oríṣiríṣi iye eyín, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yàtọ̀, tàbí nítorí orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́ kó o lọ yàtọ̀. Jíà tí ó bọ́ sí ihò bóòtì rẹ̀ rẹ́gí lè má bá ọkọ̀ náà mu rárá. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń ṣiṣẹ́ kò ní jìyà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kìkì pé eré rẹ̀ yóò yàtọ̀, tí aago eré sì lè máa purọ́ nínú àwọn ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò lè fara dà á. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń rán ènìyàn lọ sí Ládípọ̀ tàbí ibikíbi láti ra jíà ẹ̀yìn tàbí ti iwájú, ẹ jẹ́ kí ó gbé ti àtijọ́ dání. Bí ó bá wúwo jù, kí ó ka eyín rẹ̀ sórí ìwé, kí ó sì ka ti èyí tí ó fẹ́ rà níwájú ẹni tí ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Lára àwọn ọkọ̀ kan, àwo irin kékeré kan wà ní ẹnu ilẹ̀kùn tàbí nílé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ àmì jíà náà sí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù.

Àwọn kan ní àdúgbò ní kí n sọ orúkọ mẹkáníìkì náà fáyé gbọ́. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kò jalè. Ó de iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ibi tí ó ti ṣìṣe ni pé kò kà. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ sí i létí pé owó bíárìn tí ó gbà lórí jíà tí kò ṣe nǹkan kan kò tọ́ sí i, àti pé “yóò là” tí ó wí fún opó tí ń fi ọkọ̀ jẹun, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti rẹ̀ ni. Kò bínú. Ó dá owó bíárìn padà ní ìdajì, ó sì de jíà kẹrin láìgba owó iṣẹ́. Èmi ìbá fẹ́ kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ìyá ni ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọmọ rẹ̀ náà ń lọ ilé-ìwé.

Ẹni tí ó ta jíà ni ó fún wa ní wàhálà. Ó kọ́kọ́ ní ọjà tí a bá tà tán, a ti tà á nìyẹn. Nígbà tí mẹkáníìkì gbé 43 àti 11 kalẹ̀ níwájú àwọn aládùúgbò rẹ̀, tí ó ń ka eyín sókè bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, ó gbà láti pààrọ̀ rẹ̀, ìyá sì fi owó díẹ̀ lé e. Wọ́n wá a fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó rí èyí tí eyín rẹ̀ pé.

A dè é ní ọjọ́bọ̀, a da epo àpótí àárín nù. Epo náà ti dúdú, ó ń rùn bí ohun tí ó jó, ṣùgbọ́n òòfà tí a fi wá inú rẹ̀ kò rí ju eruku irin lọ, kò sí eyín. A da tuntun sí i. A tún gbé táyà sókè, a kà á níwájú àti lẹ́yìn: 39 àti díẹ̀, 39 àti díẹ̀. Nígbà tí a gbé e jáde sí Agége Motor Road, Ìyá Oníṣu yí gíláàsì wálẹ̀, ó gbé etí síta fún ìgbà pípẹ́ kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní ohun kan ṣì ń kùn díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti gbóná. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ pé ìgò òróró yẹn ti jìyà díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi ń jó. Mo ní kí ó má tíì rà á. Kí ó máa fi omi dán an wò ní gbogbo ibi tí ó bá ti dúró, bí omi bá tún hó, kí ó padà.

Ó gbéra lọ sí Ṣakí ní ìdájí ọjọ́ Ajé tó kọjá, pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù epo jíà kan lẹ́yìn ìjókòó àti kẹ́ẹ̀gì omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́, ó pè mí lórí fóònù láti Ìṣẹ́yìn. Ó ní òun ti ta omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń ṣàn ni.